Ọjọ́ Tí Bọ́ọ̀sì Ìjọ Wá Kó Àwọn Ọmọ Fọláhànmí

Kí ẹnikẹ́ni tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà la ní ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Ijapo Estate, ní Àkúrẹ́, mi ò sì pe ọ̀kankan nínú wọn wá. Ìyàwó mi ló kó wọn wá. Fọláhànmí ni orúkọ rẹ̀, tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, àánú rẹ̀ sì pọ̀ ju ilé tí à ń gbé lọ.

Èyí àkọ́kọ́ já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀ kan lójú ọ̀nà Ìta-Ògbólú, níbi tí wọ́n ti ń gbé e lọ fún alápatà. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹrù òun ti dín. Fọláhànmí ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú, ó wọ aṣọ funfun, ó rí ẹlẹ́dẹ̀ nínú gọ́tà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ti ṣẹ́, ó sì ní kí onítakisí dúró. Bí wọ́n ṣe gbé e wọ inú takisí, ẹ má bi mí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí mo ṣí géètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, orí ẹlẹ́dẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà á níbi ẹsẹ̀."

Ó sọ ọ́ ní Iredélé. Mo ní ire wo ló délé. Láti ìgbà náà ni ìròyìn ti ń tàn kálẹ̀ pé ìyá kan wà ní Ijapo tí kì í fẹ́ kí wọ́n pa ẹlẹ́dẹ̀. Bí àìsàn bá wọ oko ẹnìkan tó sì ṣẹ́ ku ẹyọ kan, wọ́n á gbé e wá fún un. Ọ̀kan wà tí wọ́n fi ta ọ̀gá báńkì kan lọ́rẹ nígbà Kérésì, tí ọ̀gá náà kò lè pa nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bá a ṣeré. Akọ kan wà tí kò ní ju etí kan lọ, Fọláhànmí sọ ìyẹn ní Akínyẹmí. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Oǹdó ló ń jẹ́ Akínyẹmí, ẹni iyì sì ni. Ó ní ẹni iyì ni eléyìí náà.

Gbogbo èyí ni mo gbé mì. Ohun tí kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi ni orúkọ tó máa ń pè wọ́n. "Àwọn ọmọ mi." Àwọn ọmọ mi kò tíì jẹun. Àwọn ọmọ mi fẹ́ sùn. Ó ń sọ ọ́ lójú àwọn aládùúgbò, ó ń sọ ọ́ lórí fóònù, ó ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà pé kó máa pè wọ́n ní ẹlẹ́dẹ̀, nítorí pé ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n. Èmi àti Fọláhànmí kò bímọ. A wá a títí, a kò rí. Ó ti pẹ́ débi pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn wá mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tó bá sọ pé "àwọn ọmọ mi" láàárín èèyàn, mo máa ń rí bí wọ́n ṣe ń wo ojú ara wọn, ó sì máa ń dùn mí fún un. Òun kì í rí wọn. Àbí ó ń rí wọn, tí kò kà wọ́n sí.

Àwọn aládùúgbò fara dà á títí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì gbé ẹ̀gbẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ nígbà òjò kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Ìyá kan tó ń gbé ilé kejì sí wa, ọmọ bíbí Àkúrẹ́, wá bá mi ní géètì, ó ní, "Bàbá, ulé yín ti ń rùn dé inú ọbẹ̀ mi." Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Nígbà tó yá, àwọn onílé àdúgbò ṣe ìpàdé, wọ́n sì fi sùúrù sọ fún wa pé bí ilẹ̀ Sátidé kan tí wọ́n dá fún wa bá ṣú bá ẹlẹ́dẹ̀ ní àdúgbò, àwọn á pe alápatà wá. Mi ò lè bá wọn jà. Wọ́n ní imú, èmi náà ní.

Èmi gan-an ni mo wá ọ̀nà àbáyọ. Bàbá mi fi oko kòkó sílẹ̀ fún mi ní Bọ́lọ́rundúró, lẹ́bàá Oǹdó, oko tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ dé mọ́ láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀. Mo ní kí Fọláhànmí lọ kọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ síbẹ̀, kó gba ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn, kí àwa méjèèjì lè máa rí oorun sùn. Inú rẹ̀ dùn, ó dì mọ́ mi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bá bíríkìlà jà, ó ń bá káfíńtà jà, èmi sì jókòó sílé, mo rò pé mo gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí ilé náà parí ni mo tó gbọ́ ìyókù. A ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó sọ pé òun kọ́ yàrá kan mọ́ ọn.

"Yàrá ta ni?"

"Yàrá mi ni. Ibi tí àwọn ọmọ mi bá ń gbé ni èmi náà á máa gbé. Iredélé ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dára. Mi ò lè fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n."

"Èmi wá ńkọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ máa sùn."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo fi èdè Oǹdó fèsì, èdè tí mo máa ń sọ bí inú bá ń bí mi, tí ìyàwó mi sì máa ń ṣe bí ẹni pé kò yé òun. Mo ní kó máa lọ. Mo ní mi ò ní bá a débẹ̀, géètì ni màá ti juwọ́ sí i. Bó bá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan péré, ǹ bá ti lọ di ẹrù mi. Kò bẹ̀ mí, èmi náà kò sì lè bẹ̀ ẹ́ pé kó pè mí. Bí a ṣe wà nìyẹn, à ń kí ara wa, à ń jẹun, a kò sọ nǹkan kan. Ìyàwó mi ń kó lọ, mi ò sì mọ bí mo ṣe fẹ́ máa dá jí nínú ilé yẹn.

Ọkọ̀ ló kù. Fọláhànmí pe pásítọ̀ wa pé kó yá òun ní bọ́ọ̀sì ìjọ. Mo wà nítòsí, mo sì gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Pásítọ̀, mo fẹ́ kó àwọn ọmọ mi lọ sí ilé wọn tuntun ní Bọ́lọ́rundúró. Àwọn tí mo gbà là yẹn." Pásítọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìjọ wa ni, kò tíì wá sílé wa rí. Ohùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ fóònù. Ó ní òun kò mọ̀ pé irú iṣẹ́ ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ìjọ òun, ó ní bọ́ọ̀sì náà jẹ́ tiwa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ó yẹ kí n gba fóònù náà kí n là á yé e. Ṣùgbọ́n mò ń bínú lọ́wọ́, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀.

Ní àárọ̀ Sátidé, bọ́ọ̀sì dé. Ràhímù ló wà á wá. Ọmọ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta àlùbọ́sà ní Àkúrẹ́ ni Ràhímù, Mùsùlùmí ni, òun sì ni awakọ̀ ìjọ wa. Á kó wa dé ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Ìsinmi, bí àkókò ìrun bá tó, á tẹ́ ẹní rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìjọsìn, kò sì sẹ́ni tó ń bá a wí. Ó bọ́ sílẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, ó sì ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Páálí bisikíìtì kún ibẹ̀, pẹ̀lú àpò ńlá kan tí aṣọ àti fìlà ọmọdé wà nínú rẹ̀.

"Àwọn ìyá ìjọ ló dá a jọ fún àwọn ọmọ aláìlóbìí yẹn," ó ní. "Bàbá, àwọn ọmọ dà?"

Fọláhànmí ní, "Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé. Máa bọ̀, wá mọ Iredélé. Òun ni àkọ́bí."

Mo tẹ̀lé wọn nítorí pé mo fẹ́ rí bí ojú Ràhímù ṣe máa rí. Ó rìn dé igun ilé, bisikíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, fìlà pupa kékeré kan wà lọ́wọ́ kejì, ó sì dúró gbagidi. Iredélé dìde nínú ẹrẹ̀, ó gbójú sókè wò ó. Wọ́n wo ara wọn dáadáa. Lẹ́yìn náà ni Ràhímù rọra yíjú sí mi.

"Bàbá Iredélé, ṣé àwọn ọmọ náà nìyí?"

Ẹ gbọ́ orúkọ tó pè mí. Gbogbo ẹgbẹ́ mi ló ti di Bàbá Lágbájá láti ìgbà èwe wa. Èmi nìkan ni Olúmúyìwá, tàbí Ọ̀gá Awọnlẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ bọ̀wọ̀ fún mi. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ ọmọ pè mí, ọmọ náà ń fi imú tú ilẹ̀. Mo ní, "Olúmúyìwá ni mò ń jẹ́." Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá Iredélé." Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, kò lè pe àgbàlagbà ní orúkọ.

Ó wá ṣàlàyé fún Fọláhànmí, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé iṣẹ́ yìí kọjá òun. "Mọ́mì, ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa kì í sún mọ́ ọn." Fọláhànmí kò bá a jiyàn. Ó ní kò sí wàhálà, òun á wá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó yíjú sí ògiri. Ta ni ẹlòmíràn yẹn, lọ́jọ́ Sátidé, tó máa gbà láti gbé ẹlẹ́dẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú? Láti ọjọ́ mélòó kan ni mo ti ń gbàdúrà lábẹ́nú pé kí ọkọ̀ yẹn má wá. Nísinsìnyí, ó fẹ́ pa dà lófìfo. Mo rò ó bí alápatà ṣe máa wọlé láti géètì, tí Iredélé á máa wò ó bó ṣe wo Ràhímù, láìfura. Mo rí i pé mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá.

Mo ní, "Ràhímù, pe àfáà yín."

Ó pè é, ó sì tẹ fóònù kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Àfáà, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ní kí n gbé o."

"Ṣé ìwọ lo máa jẹ ẹ́?"

"Rárá o, àfáà."

"Ṣé òun ló máa jẹ ọ́?"

Ràhímù wo Akínyẹmí. "Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Ọkọ̀ ta ni?"

"Ti ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ó jọ pé àfáà ń rẹ́rìn-ín. "Wà wọ́n lọ," ó ní. "Má fọwọ́ kàn wọ́n. Tó o bá délé, kó o wẹ̀ dáadáa kó o tó kírun."

A tú àwọn àga ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì, a kó wọn sí fàráńdà. Mo gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan wá, a gbé e ti ẹnu ọkọ̀ kí wọ́n lè gbà á gòkè. Ràhímù tó ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wá dúró lókèèrè, ó ń ju bisikíìtì sínú ọkọ̀ láti ibẹ̀, kò sì tàsé. Akínyẹmí ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó gun ilẹ̀kùn náà bí ẹni tó ti sanwó ọkọ̀, àwọn mẹ́rin yòókù sì wọ́ tẹ̀lé e. Ọ̀kan nínú wọn ki orí bọ àpò aṣọ, nígbà tó máa yọrí jáde, fìlà ọmọ ìkókó ti bò ó lójú kan. Ràhímù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ yíjú sápá kan.

Ó wá ku Iredélé. Ó rìn dé ìdí ilẹ̀kùn náà, ó sùn sílẹ̀. A fi bisikíìtì hàn án, kò wò ó. A fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ hàn án. Fọláhànmí kúnlẹ̀ tì í, ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó ń sọ pé, "Ọmọ mi, dìde, ilé rẹ ń dúró dè ọ́." Iredélé mí kanlẹ̀, ó di ojú. Kò sí pé a máa gbé e, nítorí pé ó wúwo ju àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ, ọ̀kan nínú wa kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Oòrùn ti wà láàárín orí. Fọláhànmí gbójú sókè wò mí.

"Ẹ mọ ohun tó ń dúró dè," ó ní.

Mo mọ̀ ọ́n. Láràárọ̀ ni mo máa ń gbé àga àti rédíò mi lọ sẹ́yìnkùlé láti gbọ́ ìròyìn, láràárọ̀ sì ni Iredélé máa ń wá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Mo máa ń bá ìròyìn jà. Bí mo bá ní irọ́ ni wọ́n ń pa, á kùn. Bí mo bá gbé àga síbòmíì, á dìde tẹ̀lé mi. Mi ò pè é ní ọ̀rẹ́. Mo kàn mọ̀ pé òun nìkan ló ń jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ parí nínú ilé yẹn.

"Mo ti sọ pé mi ò ní kọjá géètì," mo ní.

"Mo gbọ́," ni Fọláhànmí wí.

Mo wọlé, mo gbé rédíò mi, mo gun ilẹ̀kùn náà, mo sì jókòó lórí páálí láàárín àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Mo tan rédíò. Ọkùnrin kan ń ṣàlàyé pé gbogbo ọ̀nà ìpínlẹ̀ wa ti dán. Mo ní, "Irọ́ ni." Etí Iredélé mì. Mo ní, "Irọ́ pátápátá." Ó dìde, ó kùn, ó sì tiro gun ilẹ̀kùn náà títí ó fi dé ẹ̀gbẹ́ mi. Bọ́ọ̀sì rẹlẹ̀ díẹ̀. Fọláhànmí ti ilẹ̀kùn pa mọ́ wa, ó lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràhímù. Bí mo ṣe gbéra lọ sí Bọ́lọ́rundúró nìyẹn, sílípáàsì ilé ló wà lẹ́sẹ̀ mi.

Mi ò ní parọ́, òórùn wà. Ṣùgbọ́n a ṣí fèrèsé, atẹ́gùn ń fẹ́, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ mìíràn sì ń juwọ́ sí wa nígbà tí wọ́n bá rí imú ẹlẹ́dẹ̀ lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ orúkọ Jésù sí lára. Akínyẹmí fi imú kan gíláàsì, ó ń wo oko kòkó tó ń sáré kọjá. A ti rìn jìnnà díẹ̀ sí Àkúrẹ́ nígbà tí fóònù Fọláhànmí dún. Pásítọ̀ ni. Ó tẹ̀ ẹ́ kí gbogbo wa lè máa gbọ́.

"Mọ́mì, ẹ kú ìrìn. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ. Ṣé ebi kò pa wọ́n?"

"Wọ́n ń jẹ bisikíìtì, Pásítọ̀."

"Ẹ ṣeun. Ẹ gbé fóònù sún mọ́ wọn, ẹ jẹ́ kí n súre fún wọn."

Ràhímù ń pa ẹ̀rín mọ́nú, ọkọ̀ yà díẹ̀ kó tó mú ọ̀nà pa dà. Fọláhànmí na ọwọ́ sẹ́yìn, mo sì gba fóònù náà, mo gbé e sókè láàárín wọn. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ilé tuntun tí ẹ ń lọ yìí á tù yín lára. Ẹ ó dàgbà, ẹ ó dogbó. Àwọn tó kọ̀ yín sílẹ̀ kò ní rí yín mú mọ́. Àwọn ẹni ibi kò ní rí yín pa jẹ. Wọn kò ní fi ẹran ara yín ṣe àsè. Ọ̀bẹ kò ní mọ ọ̀nà ọrùn yín láéláé."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ irú àdúrà yẹn. Wọ́n ń gbà á níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n ń gbà á níbi ìṣílé, mo sì ti ṣe àmín rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà tí ọkàn mi wà lórí oúnjẹ. Nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ń bọ́ sí àyè rẹ̀. Iredélé gbé àgbọ̀n lé sílípáàsì mi, mo rí ojú àpá ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tó ti já bọ́ láti ọkọ̀ alápatà, mo sì mọ̀ pé kò sí ọmọ kan ní gbogbo ìjọ wa tí àdúrà yẹn bá mu tó báyìí. Fọláhànmí ṣe àmín níwájú, ẹkún ló fi ṣe é. Ràhímù ṣe àmín. Èmi tí mo ti ní ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n, àmín tèmi ló lọ sókè jù.

Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí èèyàn Ọlọ́run máa lọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Pásítọ̀, ẹ ṣeun. Ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n."

"Kí lẹ wí, Bàbá?"

"Ẹlẹ́dẹ̀, sà. Mẹ́fà ni. Ìyàwó mi ló gbà wọ́n lọ́wọ́ alápatà."

Akínyẹmí han gooro láti fìdí ọ̀rọ̀ mi múlẹ̀.

"Nínú bọ́ọ̀sì ìjọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Bisikíìtì àwọn ìyá ìjọ ni wọ́n ń jẹ yẹn?"

"Ó ku díẹ̀, sà."

Nígbà náà ni mo gbọ́ ẹ̀rín. Ó bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà kò lè dá a dúró mọ́. Ó ní ká rí i pé a fọ bọ́ọ̀sì náà dáadáa kí ẹgbẹ́ akọrin tó wọ̀ ọ́ lọ́la. Fọláhànmí kígbe láti iwájú pé, "Pásítọ̀, àdúrà yẹn wá ńkọ́?"

"Mọ́mì, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gba àdúrà pa dà," ni Pásítọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó máa bá wọn lọ."

Ọ̀nà oko Bọ́lọ́rundúró rọ̀ nítorí òjò, Ràhímù sì ń wa ọkọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Nígbà tí mo bọ́ sílẹ̀, mo fi ojú awọnlẹ̀ wo ilé tí ìyàwó mi kọ́, mò ń wá ibi tí mo máa ti bá a wí. Mi ò rí i. Ó kọ́ ọ síbi tí ilẹ̀ ti ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí omi lè máa ṣàn kúrò. Ògiri rẹ̀ kò ga, kí atẹ́gùn lè máa wọlé lókè, páànù tuntun ló fi bò ó, ìyẹ̀fun pákó tí àwọn káfíńtà máa ń dà nù ló sì dà sílẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè rí ibi rírọ̀ sùn sí. Lẹ́yìn rẹ̀, lábẹ́ àwọn igi kòkó bàbá mi, ó gbẹ́ kòtò fífẹ̀ kan, ó da omi sí i, ó di ẹrẹ̀. Mo ti rí ilé ìjọba tí wọn kò fi làákàyè kọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn márùn-ún sáré wọlé. Akínyẹmí yan yàrá tirẹ̀, ó fi èjìká ti ẹni tó fẹ́ bá a pín in. Iredélé dúró lójú ọ̀nà, ó ń gbóòórùn. Ó gbóòórùn ìyẹ̀fun pákó, ó gbóòórùn ewé kòkó, ó fi imú kan ilẹ̀ tó rọ̀. Ilẹ̀ Ijapo le, simẹ́ǹtì ló pọ̀ níbẹ̀. Ó fi imú tú ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún tú u, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, pẹ̀lú ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò dára, ó ń sáré yípo igi kòkó bí ọmọ ẹlẹ́dẹ̀. Fọláhànmí fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.

"Bàbá Iredélé," ni Ràhímù pè láti ibi tó fara pa mọ́ sí lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, "ẹ wá wò ó o, ó ti bọ́ sínú ẹrẹ̀."

"Mò ń bọ̀," mo dá a lóhùn. Mo ti rìn dé ìdí kòtò kí n tó rántí pé kì í ṣe orúkọ mi.

A wò wọ́n títí oòrùn fi ń rọlẹ̀. Ràhímù ti bu omi fọ inú ọkọ̀ láti òkèèrè, ó fẹ́ tètè délé. Ó tan ọkọ̀. Ó bi mí bóyá mo ti ṣetán. Mo wo yàrá tí ìyàwó mi kọ́ mọ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Fọláhànmí wà lójú ọ̀nà, ó ń fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Mo lọ bá a. Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo ní, "Kí ló dé tí o kò pè mí?"

Kò dá ìgbálẹ̀ dúró. "Mo bẹ̀rù pé ẹ ó kọ̀," ó ní. "Bí mo bá pè yín tí ẹ kọ̀, mi ò ní lè fi yín sílẹ̀. Màá dúró tì yín. Wọ́n á sì pa wọ́n."

Gbogbo ọjọ́ tí mo fi rò pé ó ti yàn wọ́n jù mí lọ, èmi ló ń bẹ̀rù pé òun ò ní lè fi sílẹ̀. Mo yíjú sí bọ́ọ̀sì, mo sì sọ fún Ràhímù pé kó máa lọ, kó bá mi kí Pásítọ̀. Ó fọn fèrè ọkọ̀, ó sì gba ọ̀nà oko lọ.

Fọláhànmí fi ìgbálẹ̀ ti ògiri. "Bẹ́ẹ̀dì kan ló wà níbẹ̀," ó ní, "kò sì fẹ̀."

Mo bi í pé ẹ̀gbẹ́ wo ló fẹ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbẹ́ ògiri, bíi ti ilé."